Ọkọ̀ ìgbafẹ́ sí ilẹ̀ yìnyín: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí nípa èbúté tí ọkọ̀ máa ń fò

Nítòsí ọjà Wándò ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wa ṣètò ìrìn-àjò. Àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ló pọ̀ jù, àwọn tó fẹ́ lọ wo ọmọ ní ilẹ̀ Faransé ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní báyìí, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń sanwó ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún ìyá àti bàbá wọn, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí ìhà àríwá pátápátá níbi tí yìnyín ti ń léfòó lójú omi: Norway, Iceland, Greenland, àti Svalbard tó jẹ́ àwọn erékùṣù Norway ní òkè pátápátá. Èmi náà ti kó èrò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ń fi pè mí ṣáá: ṣé ọkọ̀ náà yóò dúró ní gbogbo ibi tó wà nínú ìwé? Mo kọ ìdáhùn mi síbí kí ẹ lè kà á kí ẹ tó mú owó jáde.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ lè fo èbúté tí mo ti sanwó rẹ̀?

Òótọ́ ni. Nínú ìwé àdéhùn tí ẹ máa fọwọ́ sí, ó wà níbẹ̀ pé ọ̀gá atukọ̀ lè yí ọ̀nà padà, kó fo èbúté kan tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ èrò kankan. Lẹ́tà ibẹ̀ máa ń kéré, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kà á sókè fún àwọn èrò mi. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èbúté kankan ò ní yẹ̀, ọjà ló fẹ́ tà. Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà àkọ́kọ́, mo gbà á gbọ́, mo sì lọ sọ ọ́ fún àwọn mẹ́fà tí mo fẹ́ kó lọ. Títí di òní ló ń dùn mí pé ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Báwo ló ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ tó?

Ibi tí ẹ ń lọ ló máa sọ. Èbúté Norway bíi Tromsø tàbí Honningsvåg, níbi tí ọkọ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ tí èrò á sì kàn fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀, kì í sábà yẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àfi bí ìjì bá le gan-an. Iceland wà láàárín méjì: Reykjavík kì í sábà yẹ̀, àmọ́ Grímsey, erékùṣù kékeré tí ìlà Arctic, ìlà tí wọ́n fi pààlà ìhà àríwá ayé, gbà kọjá, ṣòroó gbẹ́kẹ̀ lé, torí ọkọ̀ ńlá ò lè fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ Greenland, ẹ fi í sọ́kàn láti ilé pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè má ṣeé ṣe. Nígbà tí a lọ, orúkọ márùn-ún ló wà nínú ìwé, mẹ́ta la fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń rìn yí Svalbard ká, tàbí etíkun Greenland tó kọjú sí ìlà oòrùn, ti wọn tún yàtọ̀ sí èyí. Ìwé ìrìn-àjò wọn kì í ṣe ìlérí rárá. Alẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń kó èrò jọ, tí wọ́n á sọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbìyànjú dé lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á sì tún sọ ibòmíràn tí wọ́n máa yà sí bí tàkọ́kọ́ ò bá gbà.

Kí ló ń fà á gan-an?

Atẹ́gùn ló ṣáájú. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ga bí ilé alájà mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń rí tì. Bí ìjì bá ń fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀, ó lè gbé e lu èbúté. Ní ìlà oòrùn Greenland, afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní piteraq. Orí òkè yìnyín ló ti ń já bọ́ sínú òkun bí omi tó ya láti orí àpáta, ìkìlọ̀ rẹ̀ kì í sì í pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kùrukùru. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti gúúsù máa ń kọjá lórí omi tó tutù bíi yìnyín, ni gbogbo ojú òkun bá funfun báláú. Ẹ rántí àárọ̀ ọyẹ́ tí ẹ ò rí igi tó wà níwájú ilé yín. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ omi nìyí, kì í ṣe eruku. Ẹ̀rọ rédà máa ń rí òkè yìnyín ńlá, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi bí mọ́tò, tó rì mọ́ omi tí orí rẹ̀ nìkan yọ díẹ̀, lè bọ́ lójú rẹ̀.

Yìnyín gan-an ló wá kù, òun sì ni ó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Ẹni tó bá gbé lẹ́bàá ọ̀sà Àjàṣẹ́ á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ìkún omi, ewé tó ń léfòó á ti òkè odò wá, á bo ojú ọ̀sà. Lálẹ́, ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi sí Aguégué là gbayawu. Bí afẹ́fẹ́ bá yí padà, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ewé ti dí ọ̀nà pa, ẹ ò ní rí ibi ti àjẹ̀ bọ̀. Bí yìnyín ṣe ń ṣe nìyẹn. Kì í dúró sójú kan. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi ló ń tì í kiri, kò sì sí ẹni tó lè fi oṣù mẹ́fà ṣáájú sọ ibi tó máa wà ní ọjọ́ Tuesday kan.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà: ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ọkọ̀ mìíràn tó ti gba ààyè ní èbúté, èrò tí àìsàn gbé dé tí wọ́n ní láti sáré gbé lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn. Ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, kò sí ẹnìkan tó ráhùn nínú ọkọ̀.

Wọ́n ní "ọkọ̀ kékeré" ló máa gbé wa dé ilẹ̀. Kí ni ìyẹn?

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú Greenland, bí Ilulissat àti Qaqortoq, kò ní èbúté tó gba ọkọ̀ gàgàrà. Ọkọ̀ ńlá á sọ ìdákọ̀ró sójú agbami, wọ́n á wá sọ ọkọ̀ kéékèèké kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi wọ́n kó èrò lọ, kó wọn bọ̀.

Ilẹ̀kùn kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Ẹ máa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìléfòó lọ́rùn. Ọkọ̀ kékeré wà níwájú yín, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé omi ń mí. Atukọ̀ méjì á di apá yín mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kì í ṣe ọwọ́ o, apá gan-an, wọ́n á ní kí ẹ dúró, kí ẹ dúró, kí ẹ tẹ̀ é báyìí. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Bí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀ kékeré náà ga tó orúnkún èèyàn, àgbàlagbà lè kán lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá atukọ̀ á sì fagi lé e. Ẹ lè wà lókè kí oòrùn máa ràn, kí ẹ máa rí ilé pupa àti ilé búlúù ìlú náà kedere, kí ẹ má sì lè dé ibẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó ti dàgbà ní Kútọnu mọ irú rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí èbúté Kútọnu òde òní ní ọdún 1965, ìgbì etíkun ló ń pinnu ọjọ́ tí èrò àti ẹrù á gúnlẹ̀.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ń tà á fún yín ni pé: nínú àwọn èbúté wọ̀nyí, mélòó ni ọkọ̀ máa fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀, mélòó ni a máa fi ọkọ̀ kékeré dé? Bó bá ní gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà.

Wọ́n ní yìnyín ń yọ́ nítorí ayé tó ń gbóná. Kí ló wá kù tó ń dí ọ̀nà?

Tísà kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló bi mí, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n sì ni. Yìnyín òkun ti dín kù lóòótọ́. Láti ọdún 1979 tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n, oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ló kéré jù lọ. Àmọ́ nígbà tí yìnyín bá gún régé tó le gbagidi, ó máa ń dúró síbi tó wà. Bó bá fọ́, ó di arìnrìn-àjò. Ní ọ̀nà omi àríwá Kánádà, tí atukọ̀ ará Norway kan, Roald Amundsen, fi ọdún 1903 sí 1906 là kọjá, yìnyín àtijọ́ tó ki ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti òkè lọ dí àwọn ibi tóóró. Ní Greenland, bí òkè yìnyín ilẹ̀ bá ṣe ń yára ya sínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni ègé tó ń léfòó níwájú èbúté ṣe ń pọ̀ tó.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín ní Ilulissat?

Ìlú yìí wà lẹ́nu ọ̀nà omi kan tí UNESCO fi sínú àwọn ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2004. Òkè yìnyín ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sermeq Kujalleq ló ń ya sínú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà omi náà, òkìtì kan wà nísàlẹ̀ tí yìnyín ayé àtijọ́ kó jọ síbẹ̀, àwọn òkè yìnyín tó tóbi jù á wá jókòó lé e, wọ́n á há. Ọjọ́ tí omi bá ga tàbí tí wọ́n bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gba iwájú ìlú lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo jáde. Bàbá kan láti Kétu wà pẹ̀lú wa, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ilulissat yìí gan-an ló torí ẹ̀ wá. Ó ti wọ bàtà rẹ̀, ó ti de fìlà, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń wò ó: láàárín ọkọ̀ wa àti ìlú, yìnyín funfun ti tò pọ̀ bí ẹran nínú gáà. Nígbà tó di aago méje, ohùn ọ̀gá atukọ̀ jáde lókè. Ó ní afẹ́fẹ́ yí padà lóru, òun ò ní lè sọ ọkọ̀ kékeré sínú èyí, òun á dúró títí aago mẹ́wàá wò ó. Aago mẹ́wàá kọjá. Ó fagi lé e.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún bàbá, mi ò rí. Òun náà ò sọ̀rọ̀. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, òkè yìnyín kan tó tó ilé ńlá mì díẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́, ni gbogbo rẹ̀ bá yí, abẹ́ rẹ̀ sì wá sókè. Abẹ́ náà búlúù, ó ń dán bíi dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, omi ń dà lára rẹ̀ ṣọ̀rọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí la tó gbọ́ ìró rẹ̀, bí àrá tó sán lókèèrè. Bàbá di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Nígbà tá a padà dé Kétu, ìtàn yẹn ló ń sọ fún gbogbo àlejò. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó wu ú kó rin títì ìlú yẹn, mi ò sì ní díbọ́n pé èyí tó rí pa ìyẹn rẹ́.

Oṣù wo ló dáa jù?

Ní gúúsù Greenland, ẹ yẹra fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bí Qaqortoq tàbí Nanortalik bá wà nínú ìwé yín. Yìnyín òkun ńlá kan tí wọ́n ń pè ní storis máa ń tẹ̀ lé ìṣàn omi láti ìlà oòrùn, yí igun gúúsù ká, wá dí etíkun yẹn. Òun kan náà ló máa ń ti ọ̀nà omi Prins Christian Sund pa. Láti àárín oṣù keje lọ, ó máa ń fúyẹ́. Kùrukùru wà nígbà náà, mo ti sọ ọ́. Oṣù kẹsàn-án ní yìnyín tó kéré jù, ṣùgbọ́n ìjì ti ń pọ̀, ilẹ̀ sì ti ń tètè ṣú. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń yàn fún ìyá mi, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni.

Kí ló dé tí àwọn ọkọ̀ ńlá ò fi lè wọ ibi púpọ̀ mọ́ ní Svalbard?

Òfin ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ tó kó ju igba èrò lọ kò gbọ́dọ̀ wọ àwọn àgbègbè tí ìjọba Norway dáàbò bò níbẹ̀, ibi mẹ́tàlélógójì péré sì ni èrò ti lè sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn àgbègbè náà. Béárì funfun tún wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju mítà 300 lọ, láti oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹfà sì rèé, mítà 500 ni. Àwọn amọ̀nà tó gbé ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ilẹ̀. Bí wọ́n bá rí béárì kan, kódà bó sùn, ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀.

Ṣé wọ́n máa dá owó mi padà?

Díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìrìn orí ilẹ̀ tí ẹ rà lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń dá a padà. Owó orí èbúté náà, wọ́n sábà máa ń dá a padà, àmọ́ ẹ má retí nǹkan ńlá: bó bá jẹ́ ogún yúrò, sefa 13,119 nìyẹn. Owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, rárá.

Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín san fún ẹlòmíràn lórí ilẹ̀, ewu ẹ̀ wà lọ́rùn yín. Mo ti sanwó fún ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Ilulissat fún àwa méjèèje, mo rò pé mo gbọ́n torí ó dínwó ju ti ọkọ̀ lọ. Kọ́bọ̀ kan ò padà. Láti ọjọ́ náà, níbi tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré la fi ń dé ilẹ̀, lọ́dọ̀ ọkọ̀ ni mo ti ń rà á.

Àsúráǹsì kan wà tó ń sanwó fún èbúté tó bá yẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé èló ni lórí èbúté kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Fisa ńkọ́?

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Benin dání ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí jù. Norway àti Iceland wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí fisa kan náà ń gbà wọ̀. Svalbard àti Greenland kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti Tromsø lọ sí Svalbard ti jáde kúrò nínú Schengen, ó sì gbọ́dọ̀ tún wọlé nígbà tó bá ń bọ̀. Fisa ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan á há a sọ́hùn-ún. Ti Greenland, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sórí fisa náà pé ó ṣiṣẹ́ fún Greenland.

Ibi tí fífo èbúté ti kan fisa rèé: ọkọ̀ tí ìjì dà láàmú lè yà sí ibi tí kò sí nínú ìwé yín. Ó lè yà sí Kirkwall tàbí Lerwick ní Scotland. Fisa Schengen ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin á jókòó sínú ọkọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn yín, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú yín, ṣùgbọ́n ó máa ń dunni. Ó dára kí ẹ ti mọ̀.

Ọmọ mi fẹ́ wá pàdé mi ní èbúté kan láàárín ìrìn-àjò. Ṣé kó wá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wá sí ibi tí ọkọ̀ ti gbéra tàbí ibi tí ìrìn-àjò parí sí. Ìyá kan láti Àjàṣẹ́ ti bá ọmọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sí èbúté àárín báyìí, ọkọ̀ fò ó, orí fóònù ni wọ́n ti kí ara wọn. Ìyá náà wà lójú omi, ọmọ wà létí omi, ọdún mẹ́rin ni wọn ò ti fojú kan ara wọn.

Ibi ìparí náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú ọjọ́ kan náà. Ẹ fi ọjọ́ kan sí i, ó kéré tán.

Ṣé a ò lè bẹ ọ̀gá atukọ̀?

Rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín ṣe é. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Polar Code, òfin àgbáyé fún ọkọ̀ tó ń rìn lójú omi yìnyín, ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí tó sọ irú yìnyín tó lè bá pàdé, ó sì gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Viking Sky ń bọ̀ láti àríwá Norway. Ó fo èbúté Bodø nítorí ojú ọjọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú nínú ìjì ní Hustadvika. Èèyàn 1,373 ló wà nínú rẹ̀. Hẹlikópítà gbé 479 lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn kí ẹ́ńjìnnì tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì gbé ọkọ̀ dé Molde lọ́jọ́ kejì. Norway nìyẹn, tí hẹlikópítà wà nítòsí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Ocean Explorer fi àyà lé ilẹ̀ ní Alpefjord, ní àríwá ìlà oòrùn Greenland, pẹ̀lú èèyàn 206. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ọkọ̀ ìwádìí Tarajoq tó lè fà á kúrò. Nígbà tí ọ̀gá atukọ̀ yín bá ní òun ò lọ, ibi tí olùrànlọ́wọ́ jìnnà sí lójú rẹ̀ ń wò.

Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin, orúnkún ń dùn wọ́n. Ṣé kí wọ́n lọ?

Etíkun Norway, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi ọkọ̀ kékeré, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wò láìdi nǹkan mú.

Kí ni kí n dì sí báàgì nítorí èyí?

Oògùn tó ju iye ọjọ́ tó wà nínú ìwé lọ, ọ̀sẹ̀ kan sí i ni mo máa ń sọ, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kí ìwé dókítà sì bá a lọ. Ẹ̀wù tí atẹ́gùn ò lè gbà wọlé, torí orí ọkọ̀ níta ni ẹ máa wà lọ́jọ́ tí èbúté bá yẹ̀. Awò awọ̀nà-jíjìn, kódà ọ̀kan láàárín ẹni mẹ́rin. Ìbọ̀wọ́ méjì, torí àkọ́kọ́ á tutù nígbà tí ẹ bá di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.